Ẹyẹ Tí Kò Sí Lójú Fèrèsé Mi

Ọ̀gá wa ní ilé ìfọṣọ ka ìwé kan, orí rẹ̀ ò sì pé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó lé ènìyàn mẹ́ta kúrò lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ló gbé òfin tuntun dé: láràárọ̀, kí a tó tan áyọ́ọ̀nù, kí kálukú sọ ohun ẹlẹ́wà kan tó rí, kó sì dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní ọkàn wa lòun ń tún ṣe. Mo wo ẹnu rẹ̀ títí. Àwa ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, ẹni tó jókòó sí yàrá tútù ń kọ́ wa lọ́pẹ́.

Èmi ni mo ń lọ aṣọ níbẹ̀, ọdún kọkànlá rèé. Àwọn yòókù á ní àwọn rí òdòdó, àwọn rí òṣùmàrè. Irọ́ funfun báláú. Mo ní bó bá jẹ́ irọ́ náà ni, kí n kúkú pa èyí tó dáa. Ni mo bá sọ pé ẹyẹ kan ń kọ́lé sínú bàtà àtijọ́ kan lójú fèrèsé mi. Ọ̀gá fọwọ́ lé àyà. Ọ̀dẹ̀!

Ní ọjọ́ kejì, mo ní ẹyẹ náà já koríko wá. Ní ọjọ́ kẹta, ó yé ẹyin méjì. Ẹyẹ wo? Eruku ló wà lójú fèrèsé mi, àti okùn tí mo ń sá aṣọ sí.

Mi ò mọ̀ pé Sísí Bọ́tìnnì ń kó irọ́ mi lọ sílé. Òun ló máa ń gán bọ́tìnnì tó bá já padà sára aṣọ àwọn oníbàárà. Ọkọ rẹ̀, akunlé, já bọ́ láti orí àkàbà lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán ti jinná, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọjú sí ògiri, kò sọ̀rọ̀, oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ti ọmọ ìkókó. Dókítà ti sọ fún Sísí pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sísí wá bá mi nídìí tábìlì.

"Àǹtí mi, ẹ ṣeun o. Ẹyẹ yín ti ń jẹ́ kí ọkọ mi jẹun."

"Ẹyẹ wo?"

"Ẹyẹ inú bàtà! Mo sọ ọ́ fún un, ló bá bi mí pé irú bàtà wo ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa sọ láti ọjọ́ yìí! Ní báyìí, tí mo bá ti wọlé, á ní, 'Kí ni ẹyẹ ṣe lónìí?' Èmi náà á ní kó kọ́kọ́ jẹun ná."

Díẹ̀ ló kù kí n jó ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù bà mí láti sọ òótọ́, ni mo bá ń parọ́ lọ: ẹyẹ ti pamọ méjì, ọ̀kan ya ọ̀lẹ, kò fẹ́ẹ́ fò.

Òkè pátápátá ilé alájà mẹ́rin ni mo ń gbé. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo gbọ́ ìró ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn. Mo ṣílẹ̀kùn. Akunlé rèé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Mo fẹ́ rí èyí tó ya ọ̀lẹ."

Mo ti ní irọ́ mìíràn lẹ́nu, pé wọ́n ti fò lọ lánàá. Ojú tí ọkùnrin yẹn fi ń wò mí kò jẹ́ kó jáde.

"Kò sí ẹyẹ," mo ní. "Kò síbẹ̀ rí. Ọ̀gá wa ni mo ń parọ́ fún."

Sísí ká ọwọ́ lérí. Mo rò pé mo ti pa ọkọ olọ́kọ.

"Ẹ̀yin àgbà yìí!" Ohùn ọkùnrin náà gba gbogbo ilé. "Ẹ ò tiẹ̀ tijú! Ẹsẹ̀ tó kán ni mo fi gun gbogbo àtẹ̀gùn yìí, nítorí ẹyẹ tí ẹ fẹnu bí!"

Ó yí padà, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń bú mi lọ. Àwọn ará ilé ń ṣílẹ̀kùn, ó ń ro ẹjọ́ mi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé àjà kejì, ó ti gbàgbé pé mo jù ú lọ: "Òpùrọ́! Ojú ẹ bí áyọ́ọ̀nù!" Sísí ń tẹ̀ lé e, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ti dé ìsàlẹ̀ kó tó rántí èébú kan tó ṣẹ́ kù. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó tún ń gòkè bọ̀. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, omijé ń bọ́ lójú mi, mo ń dúpẹ́, mo ní kó máa bọ̀.