Ohun Tí Àlájì Yọ Kúrò Nínú Ẹ́ńjìnnì

Kúlísúmù ti ìka àárín bọ ọ̀pá èéfín Pijó náà, ó rà á yípo, ó sì yọ ọ́ jáde. Ìka náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó gbé e sókè sí oòrùn Adjamé, ní ìlú Abidjan, kí ẹni tó ni mọ́tò lè rí i dáadáa.

"Tọ́ńtọ̀n Joachim, epo yín nìyí. Ẹ̀ ń rà á, mọ́tò yín ò sì jó o tán."

Joachim kò wo ìka. Ìwé kan ló nà sí i, èyí tí géràájì kan ládùúgbò rẹ̀ ní Biétry tẹ̀ fún un: tọ́bò tuntun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irin táyà tó ń dán, àti oríṣiríṣi nǹkan tí orúkọ wọn gùn ju iṣẹ́ wọn lọ. Iye tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra mọ́tò mìíràn. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994 yìí tí wọ́n ti gé agbára owó sẹfà sí ìdajì, ohun gbogbo tó bá ti ilẹ̀ Faransé wá ti di ọ̀wọ́n gógó.

Ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí sí Treichville ni Joachim. Òun ni ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn ní Yopougon, Pijó 505 Turbo yìí ló sì ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni gbogbo ayé ń rí. Ní báyìí, òun ló ń rí ẹ̀yìn gbogbo ayé.

"Gbaka ń yà mí sílẹ̀ lórí òkè Banco! Èmi, avec turbo, èmi tó ní tọ́bò! Bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀!"

Ó ní ọkọ̀ mẹ́jọ ni ilé-iṣẹ́ òun ní, òun sì gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí ṣọ́ọ̀bù Àlájì Àrìmíyàù bá lè mú Pijó yìí sáré bó ṣe yẹ lónìí, láìra tọ́bò, tiwọn ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Biétry ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Kúlísúmù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù páàtì mẹ́ta ni Àlájì, bàbá rẹ̀, ní lọ́dún tó kọjá. Ọ̀kan ló kù. Bí ọkọ̀ mẹ́jọ yìí bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ọ̀kan náà yóò tẹ̀lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rù kò bà á. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì mọ orúkọ irin inú ẹ́ńjìnnì ju orúkọ ẹbí ọkọ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tó ti dá ìjà sílẹ̀ rí.

"Ẹ jẹ́ ká gùn ún lọ ná," ló wí.

Joachim ló wakọ̀. Kúlísúmù jókòó tì í, kò sì wo ojú ọ̀nà rárá. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ló ń wò. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Adjamé, abẹ́rẹ́ náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe bọ́ sí ọ̀nà ńlá tó la igbó Banco kọjá tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí rédíétọ̀, ó wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó sì sùn sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbàkigbà tí Joachim bá tẹ iná, nǹkan kan ń sín lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lórí òkè, gbaka kan tó kó èrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá lára wọn. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ juwọ́ sí wọn.

"Ṣé o rí i?" Joachim fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

"Mo rí i." Ó ti mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò náà.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ó gba ìwé géràájì Biétry, ó sì fa ìlà sórí gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Mọ́tò ibi iṣẹ́ nìyí, Tọ́ńtọ̀n, kì í ṣe ti eré ìje. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tọ́bò yín ò ṣàìsàn, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ló ń jò dànù lọ́nà."

Ó kọ tirẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà. Róbà afẹ́fẹ́ kan, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti sán. Bùjí mẹ́rin tí yóò máa ta iná, àti asẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun. Kí wọ́n fọ rédíétọ̀ kékeré tó ń tu afẹ́fẹ́ tọ́bò lára, ekuru Abidjan ọdún mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀. Kí Alidou, mẹkáníìkì wọn, ṣa ọ̀pá èéfín tó fẹ̀ níbi àlòkù irin, kó jó o mọ́ ọn, kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde. Kí wọ́n sì pààrọ̀ páàdì bíréèkì, nítorí ẹni tó bá fẹ́ sáré gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" Joachim bi í. Ojú rẹ̀ fi hàn pé òun ti ń retí nǹkan tó ń dán.

"Ó ku ẹyọ kan. Ẹ máa lọ jẹun, ká tó débẹ̀."

Alidou yọ bùjí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn dúdú. Lẹ́yìn náà ó nu ìdọ̀tí kúrò lára ìdérí kékeré kan tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan wà lórí bóòtù tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó wo Kúlísúmù, ó sì fi ìka kan ọ̀dà náà. Gbogbo Adjamé ló mọ àmì yẹn. Bóòtù tí Àlájì Àrìmíyàù bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì, ó máa ń kán ọ̀dà ewé sí i lórí, kí ẹlòmíràn má baà gba ìyìn iṣẹ́ rẹ̀.

Abẹ́ ìdérí yẹn ni kalọsítáà yẹ kó wà, idẹ kékeré tí àwọn mẹkáníìkì Nàìjíríà ń pè ní tẹmósítáàtì. Òun ló máa ń sé omi mọ́nú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n ṣí i. Òfìfo ni.

Kò ya Kúlísúmù lẹ́nu. Láti ìgbà tí Àlájì ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí etí ọ̀sà yìí, kò sí mọ́tò tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò yọ nǹkan yẹn nínú rẹ̀. Á ní Bìsìmílàhì, á yọ ọ́, á sì jù ú nù. "Ilẹ̀ olóoru la wà. Òtútù ilẹ̀ wọn ni òyìnbó ṣe é fún." Gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta páàtì ní Adjamé ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn Pijó àtijọ́ kò sì bínú sí i, bí wọ́n bá ṣe bu epo fún wọn ni wọ́n ń mu ún. Ṣùgbọ́n eléyìí ní ẹ̀rọ tó ń wọn epo. Bí omi kò bá gbóná, ẹ̀rọ náà rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, á sì máa da epo sí i ṣáá láti Biétry dé Yopougon.

Kúlísúmù ti kà á nínú ìwé Faransé kan lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà ààwẹ̀ ló ti dá kalọsítáà padà sínú mọ́tò kékeré tirẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kan nílé. Ojú ara rẹ̀ ń tì í. Obìnrin tó ń bá àwọn aṣọ́bodè jà ní èbúté nítorí ẹrù wọn, òun ló ń fi idẹ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ pamọ́ fún bàbá rẹ̀.

Ó ní kí Alidou lọ ra ọ̀kan lódìkejì ọ̀nà, nítorí ṣọ́ọ̀bù tiwọn kò ta á rí. Àlájì jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣa bóòtù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú agolo mílíìkì. Nígbà tí Alidou mú idẹ náà kọjá níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kúlí. Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ìyẹn síbẹ̀?"

Kúlísúmù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ elépo náà. "Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé o fẹ́ kí mọ́tò ọkùnrin yìí hó lójú ọ̀nà ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ kó gbóná bó ṣe yẹ ni."

"Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ti ń yọ ọ́ kí wọ́n tó bí ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ bá wa lọ. Ẹ jókòó síwájú, kẹ́ ẹ máa wo abẹ́rẹ́ fúnra yín. Tó bá fi kọjá àárín, màá dúró, màá sì yọ ọ́ lójú yín."

Orúnkún rẹ̀ ló wà nílẹ̀, ohùn rẹ̀ wà lórí ìdúró. Àlájì mọ ohùn yẹn. Tirẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n bá òun mú fìlà òun wá.

Lẹ́yìn ìrun alásàrí ni wọ́n gbéra, gbogbo iṣẹ́ ti parí àyàfi ti bíréèkì. Kúlísúmù wakọ̀, Àlájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Joachim wà lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ gòkè nínú èrò Adjamé, ó dé àárín, ó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n bọ́ sí ọ̀nà Banco. Kò wálẹ̀, kò sì gòkè. Àlájì ń wò ó bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkè, Kúlísúmù yí jíà padà, ó sì tẹ iná. Tọ́bò náà mí kanlẹ̀, gbogbo wọn sì lẹ̀ mọ́ àga. Wọ́n ya akẹ́rù gẹdú sílẹ̀, wọ́n ya takisí sílẹ̀, wọ́n ya gbaka mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Joachim sì ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn.

Níwájú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Yopougon, Joachim kò tíì rẹ́rìn-ín tán. Kúlísúmù ṣàlàyé idẹ náà fún un. Ìgbà yẹn lojú rẹ̀ le.

"Olè wo ló yọ ọ́ nínú mọ́tò mi? Mo fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀!"

Kúlísúmù wo bàbá rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé mẹkáníìkì kan ló yọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa wádìí. Ọkọ̀ mẹ́jọ.

"Ọ̀dọ̀ wa ni, Tọ́ńtọ̀n. Nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò yìí lẹ gbé e wá fún wa. Àwa la yọ ọ́."

"Má pín ẹ̀bi náà," Àlájì wí, kò yíjú padà. "Èmi ni. Ọwọ́ mi ni."

Joachim wo ẹ̀yìn fìlà bàbá náà pẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ojú fèrèsé.

"Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, ẹ ó rí ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, Àlájì, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ yọ, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi."

Wọ́n ń gbé Pijó náà padà sí Adjamé nítorí bíréèkì. Àlájì ṣì ń wo abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ la igbó já. Kúlísúmù ti ń múra sílẹ̀ fún ìbáwí.

"Kúlí."

"Bàbá."

"Ìgbóná mélòó ni nǹkan yẹn fi ń ṣí?"

"Quatre-vingt-trois degrés, Bàbá."

"Quatre-vingt-trois." Ó tún mẹ́tàlélọ́gọ́rin náà sọ lábẹ́nu, jẹ́jẹ́. "Tó bá wá kọjá bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Á ṣí sí i, títí á fi ṣí tán."

Láti ọmọ ọdún méje ni bàbá rẹ̀ ti ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́tò: irin wo rèé, kí ló ń ṣe, kí ló dé tó fi ń dún báyìí? Kò sí ọ̀kan tí bàbá náà fúnra rẹ̀ kò mọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó lanu. Ìdánwò ni gbogbo wọn. Èyí kì í ṣe ìdánwò. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ mọ̀. Inú Kúlísúmù dùn títí ó fi ń dùn ún.

Akẹ́rù kan ń rọra lọ níwájú wọn. Ọ̀nà ṣófo lápá òsì, ẹ́ńjìnnì sì gbóná bó ṣe yẹ. Kò yà á sílẹ̀, bóyá ìbéèrè bàbá rẹ̀ kò tíì tán.