Kúlà Inú Sítọ́ọ̀

Fèyísọ́lá ti ẹnu ọ̀bẹ bọ abẹ́ ìdérí kúlà náà, ó rọra ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dún pàà, tó ṣí.

Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, eruku rẹ̀ ló kù, gbogbo ilé ní àdúgbò Ṣàngó ló sì ń gbọn ẹrù síta. Láti àárọ̀ ni òun náà ti ń kó nǹkan jáde nínú sítọ́ọ̀: bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan, fáànù tí kò yí mọ́, abọ́ tí kò ní ìdérí, ìdérí tí kò ní abọ́. Kúlà aláwọ̀ ewé yìí nìkan ló ṣì ṣeé lò. Kò rántí ibi tó ti rà á, àmọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀ wù ú. Ògiri méjì ló ní, fóòmù kún àárín wọn, ìdí nìyẹn tí ooru kì í fi í rí ọ̀nà jáde. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì fi abẹ ha ọ̀dà pupa kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kúrò.

Salimat ni yóò fún. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé àwọn méjèèjì, Salimat sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà. Bí Fèyísọ́lá ṣe ń gbé e lọ, ó ti ń gbọ́ àdúrà tí wọn yóò ṣe fún un.

Salimat gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. “Alùbáríkà, Mọ́mì Tìmí.” Ló bá yí i dé, ó wo ìdí rẹ̀ níbi tí abẹ ti ha, ẹ̀rín náà sì dúró lójú rẹ̀.

Hadiyyah, àbúrò rẹ̀ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré, jáde wá bá a gbé e wọlé. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ìdérí, ó yí i sósì díẹ̀, ó ṣí, kò dún rárá.

Ẹni tó bá nǹkan gbé ló ń mọ̀ ọ́n ṣí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Fèyísọ́lá tó rántí. Hadiyyah ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù nígbà náà. Ẹran Iléyá tí Salimat gbé wá fún un ló wà nínú kúlà yìí, ọ̀dà pupa tí Salimat fi sàmì sí abọ́ rẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Wọn kì í dá abọ́ ọdún padà lófìfo, ó sì pinnu pé ìrẹsì Kérésì ni òun yóò fi dá a padà. Kérésì dé, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán, kúlà wọ sítọ́ọ̀. Nígbà tí Salimat wá bèèrè rẹ̀, Fèyísọ́lá kò dìde lọ wò. Ó ní òun ti fi lé Hadiyyah lọ́wọ́. Ọmọ náà búra, ó sunkún. Salimat dá a lóhùn pé ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Wọ́n ní ó ti tà á. Láti ọjọ́ náà, bí Salimat bá ń jáde, á fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá rẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ má baà wọ̀ ọ́.

“Ó jọ tiwa àtijọ́,” Salimat wí, ó ń wo ilẹ̀. “Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ ní ọjà Ìpàtà, àbí?”

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Fèyísọ́lá rí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á.

“Tiyín ni,” ló wí. “Mi ò dá a padà rí. Hadiyyah ò gbà á lọ́wọ́ mi.”

Salimat jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò lè wo ojú àbúrò rẹ̀. Fèyísọ́lá ti ń kúnlẹ̀ nígbà tí Hadiyyah di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ dìde, Mọ́mì. Àgbà ni yín.” Ó fà á dìde. “Èmi ni mo ní kí wọ́n máa di ẹran tiyín sí láílọ́ọ̀nù. Kí ẹnikẹ́ni má baà tún wá abọ́.”

Lóòótọ́ ni. Láti ọdún náà, ẹran Iléyá kò yẹ̀ rí, gbígbóná ló máa ń dé, nínú láílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n ta ní kókó le. Fèyísọ́lá a sì máa ròyìn rẹ̀ fún àwọn ìyá ìjọ pé aládùúgbò òun mọ inú rò, pé kò fẹ́ kí òun máa ṣe wàhálà abọ́ fífọ̀.