Màmá Gba Àgọ́ Afẹ́fẹ́

Aago márùn-ún ìdájí kì í bá Mojírádé lórí ibùsùn. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́, ìyàwó Ládépọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. Lọ́jọ́ Ajé á gun kẹ̀kẹ́ títí dé Ìsẹ̀, á sì yí padà kí aago iléèwé tó lù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun á sáré gun gbogbo ọ̀nà tó bá ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láàárín ìlú. Ọjọ́rú, ó di inú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Adó. Àwọn aládùúgbò béèrè títí ó fi sú wọn: ta ló ń lé ìyàwó Ládépọ̀?

Kò sẹ́ni tó ń lé e. Ìdíje ẹlẹ́ẹ̀mẹta tí ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń ṣe lọ́dọọdún ló ń dà á láàmú: kí èèyàn lúwẹ̀ẹ́, kó gun kẹ̀kẹ́, kó tún wá sáré. Lọ́dún tó kọjá, inú omi ni tirẹ̀ parí sí. Àyà rẹ̀ já, ó mu omi yó, wọ́n sì fi okùn fà á jáde bí ìgbà tí wọ́n ń fa garawa nínú kànga. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí i.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fúnmilọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, gbọ́, ó fi àgọ́ náílọ́ọ̀nù kan ránṣẹ́, àlòkù sárésáré kan níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá a wá ń dín ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kù, á sì gba inú páìpù fẹ́ ẹ sínú àgọ́. Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ dà bí ẹni tó sùn lórí òkè tó ga ju gbogbo òkè Èkìtì lọ. Ara á rí i pé afẹ́fẹ́ ò tó, á yára pèsè ẹ̀jẹ̀ sí i.

Ládépọ̀ wo nǹkan náà títí. “Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ń fún wa lémìí,” ló wí. “Ìwọ wá ń wá èyí tí ò tó.” Ariwo ẹ̀rọ yẹn ló lé e lọ sí pálọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Màmá Mojírádé wọlé láti Ìsẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ó ru iṣu mẹ́fà. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá. Ọmọ rẹ̀ ló rí nínú náílọ́ọ̀nù, tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tí ẹ̀rọ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Mo gbé o! Wọ́n ti dì í!”

Kí Mojírádé tó lajú, Màmá ti dé ilé ìdáná, ó ti mú ọ̀bẹ bọ̀.

“Màmá, ẹ má gé e! Ẹ jọ̀ọ́! Oorun ni mò ń sùn!”

“Irú oorun wo? Ẹja lo fẹ́ dà?”

Àlàyé gba ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Màmá gbọ́ pé àgọ́ náà ń fúnni lágbára, ó bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀, ó wọ inú rẹ̀. “Jẹ́ kí n tọ́ ọ wò.” Ló bá sùn. Kò jí títí ilẹ̀ fi mọ́, lọ́jọ́ kejì kò sì dárúkọ pípadà sí Ìsẹ̀.

Ẹ̀rù ba Mojírádé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe ẹni tí à ń dín afẹ́fẹ́ kù fún. Ó yọ páìpù kúrò lára àgọ́, ó ṣí fèrèsé onínẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa kùn lásán. Òun fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Màmá ń sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé afẹ́fẹ́ Kánádà ti wọ eegun òun. Ó ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìdi ohunkóhun mú. Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdíje, ọkàn Mojírádé ò gbé e mọ́.

“Màmá, ẹ foríjì mí. Mo ti yọ páìpù yẹn láti ọjọ́ kejì.”

Màmá ń bẹ́ iṣu, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Mo mọ̀. Àbí ojú mi fọ́ ni?”

“Kí lẹ wá ń sùn síbẹ̀ fún?”

“Ariwo rẹ̀ ni. Bí bàbá rẹ ṣe ń han-anrun gan-an nìyẹn. Láti ọdún mẹ́rin tó ti fi wá sílẹ̀, ulé yẹn dákẹ́ jù.” Ó ju èèpo iṣu sínú àwo. “Kò sì sí ẹ̀fọn níbẹ̀.”

Mojírádé jókòó tì í, ó mú ọ̀bẹ kejì. Ẹ̀rín ń pa á, omijé sì ń bọ̀. Kò mọ èyí tí yóò jẹ́ kó ṣáájú.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó bẹ́ sómi pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tó ku ìlàjì, àyà rẹ̀ tún fẹ́ já. Lọ́tẹ̀ yìí kò bá omi jà. Ó fẹ̀yìn lé omi, ó wo ojú ọ̀run, ó mí títí ó fi tó o, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun ló gbẹ̀yìn jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi jáde. Lórí kẹ̀kẹ́ ó kọjá èèyàn mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Nígbà tí yóò fi sáré wọ ìlú, ó ti tún kọjá èèyàn méjì. Nínú èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n, ó ṣe ìkọkànlélógún.

Ládépọ̀ gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kígbe bíi pé ó ṣe ìkíní. Mojírádé ní kí wọ́n máa lọ sílé. Màmá kọ̀.

“Àwọn kan ò tíì dé,” ló wí.

Ó dúró nídìí okùn tí wọ́n ta síbi tí eré parí sí, nínú oòrùn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀, títí ó fi ku bàbá sísanra kan láti Àkúrẹ́, tó ń rìn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. Màmá ká ìró rẹ̀, ó lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

“Ẹ kú ìrìn, bàbá! Ẹ má jókòó o! Uṣu ti jinná nílé!”