Ìlà Ara Ọmọ Kóòṣì

Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rí kò lè mọ ohun tó ń jẹ Silas Ọlọ́runtọ́ba lọ́kàn. Ó ti pé ọmọ ogójì ọdún, ó níyàwó, ó bímọ mẹ́ta, ó sì kọ́ ilé alámọ̀ oníyàrá méjì sí Makera. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ ojú irin àti kóòṣì tí èrò ń jókòó sí, ní ìdí Jọ́ńṣọ̀n Kàdúná níbi tí ojú irin ti pàdé, kò sí ẹni tó mọ kóòṣì kùn tó o. Ṣùgbọ́n kò tíì gba frídọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò tíì gbé ọwọ́ lé e lórí láàárín èrò kí ó wí pé, "Mo dá ọ sílẹ̀." Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá sì tíì dá sílẹ̀, bó hu irùngbọ̀n funfun, ọmọ iṣẹ́ ni láàárín àwa Yorùbá.

Ọ̀gá ọ̀hún ni Àúdù, ọmọ Ìlọrin, tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun kóòṣì láti ìgbà tí ìkookò ṣì ń ké lẹ́yìn Tudun Wada. Ká sọ òótọ́, ẹnikẹ́ni lè da ọ̀dà pupa bo ara kóòṣì. Ìlà ni iṣẹ́ wà. Lábẹ́ fèrèsé, láti orí kóòṣì dé ìdí rẹ̀, ìlà aláwọ̀ ìyeyè kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ọmọ ìka lọ. Àúdù kì í lo rúlà. Búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn kan ló máa ń mú, yóò gba èémí sínú, yóò sì rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì náà títí yóò fi dé igun. Níbi igun, yóò tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ọ̀dà yóò sì wú síbẹ̀ bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìwúlé yẹn ti mọ̀ pé iṣẹ́ Àúdù ni.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Silas fi wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ku oṣù márùn-ún kí wọ́n ṣe frídọ̀ọ̀mù rẹ̀ nígbà tí ìbọn ọ̀dà dé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà sára nǹkan. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù béèrè pé ta ló fẹ́ kọ́ ọ. Silas ti bọ́ síwájú kí Àúdù tó la ẹnu. Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó kàn ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ, ó ní, "Ẹni tó bá ń fi afẹ́fẹ́ kun ọ̀dà, kí afẹ́fẹ́ dá a sílẹ̀."

Odidi oṣù kan ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Sunday, pénítà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò tilẹ̀ dákẹ́ rárá. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lásán, yóò ní, "Silas, ọ̀gá rẹ ń kí ọ o." Silas a bá wọn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ a sì máa ta á bí ata.

Nígbà tó yá, ojú Àúdù fọ́ pátápátá, ó sì fẹ̀yìn tì sí Tudun Wada lọ́dọ̀ Túndùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìbọn ọ̀dà wá ń bo ìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀ lára kóòṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ara ọmọ kóòṣì, kóòṣì kékeré tí wọ́n ṣe fún ìwòran, ni ìyẹn wà. Àwọn káfíńtà ló fi igi kàn án ní ọdún tí Ogun Hítílà parí. Ó gùn ju ọkùnrin tó sùn gbalaja lọ, ó ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí, ó ní àga nínú, wọ́n sì gbé e sínú gíláàsì ní ibùdókọ̀ ojú irin kí èrò lè máa wò ó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, Silas a gba Tudun Wada lọ bẹ̀bẹ̀. Ó bẹ̀, ó bẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ní ọdún kẹrin, Àúdù na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta, ó ní, "Ojú mi ti lọ, ọwọ́ yìí ló kù. Lọ́jọ́ tí o bá fa ìlà tí ọwọ́ yìí kò mọ̀ yàtọ̀ sí tèmi, wàlláhì, lọ́jọ́ náà ni màá dá ọ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí "láéláé" létí Silas. Ta ni yóò tún gbé kóòṣì fún un pé kó fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà sí i lára?

Ọdún 1959 wọlé. Àríwá fẹ́ gba ìjọba ara rẹ̀, gbogbo Kàdúná ń kun ilé, wọ́n ń to òkúta funfun sẹ́bàá títì. Wọ́n ní ọmọ kóòṣì yóò wà níbi ìpàtẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ayẹyẹ náà, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara rẹ̀ ti sán. Òyìnbó gbé ìbọn ọ̀dà kékeré kan tí kò ju kálàmù lọ lé Silas lọ́wọ́, ó ní kó sọ ọ́ di tuntun.

Silas fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ fún Àúdù. Ọkùnrin náà ṣe ohun tí Silas kò rí i kó ṣe rí: ó bẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Silas, ara rẹ̀ jẹ́ tìrẹ. Fi ìlà yẹn sílẹ̀ fún mi. Òun nìkan ló kù."

"Ẹ má mikàn, Bàbá. Màá fi pépà oní-gọ́ọ̀mù bo ìlà náà, màá wá fọ́n ọ̀dà yí i ká. Bí mo bá ṣí pépà, bẹ́ẹ̀ lẹ máa bá a."

"O ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí, Bàbá."

Ọyẹ́ ń jà lọ́wọ́. Kí eruku má baà bà lé ọ̀dà tútù, Silas lé gbogbo èèyàn jáde ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ti fèrèsé, ó wọ́n omi sílẹ̀. Ó fi sáńpépà àti omi ha ara ọmọ kóòṣì náà títí ó fi jọ̀lọ̀. Ó lẹ pépà mọ́ ojú ìlà, ó fi èékánná tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì po ọ̀dà pupa pẹ̀lú tíńnà, omi tó ń yọ́ ọ̀dà, títí ó fi ṣàn geere. Nígbà tó tẹ ìbọn kékeré náà, ọ̀dà ń jáde bí ìrì. Kò sí ojú búrọ́ọ̀ṣì, kò sí ibi tó ṣàn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kùn ún, ó ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kó tó fi òmíràn lé e. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi súfèé kọ orin ìsìn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ṣí pépà. Ìlà bá pépà jáde.

Tíńnà ti wọ abẹ́ pépà lọ, ó ti jẹ ọ̀dà àtijọ́ láti ìsàlẹ̀. Láti fèrèsé kìíní dé ìkẹyìn ni ìlà Àúdù ń bó, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bá a lọ. Silas di pépà náà mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Òun náà mọ̀. Ó yẹ kó ká pépà yẹn tọ Àúdù lọ, kó dọ̀bálẹ̀, kó jẹ́wọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jù ú sínú iná tí wọ́n fi ń sun àkísà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ó wá búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn tirẹ̀ jáde nísàlẹ̀ àpótí. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Pákó ló kọ́kọ́ fa ìlà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló fà á, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló fi àkísà nù ún. Ní ẹ̀kẹsàn-án, ọwọ́ rẹ̀ rántí. Ó gba èémí sínú, ó bọ́ sí ara ọmọ kóòṣì, ó ń rìn, kò dúró, ó dé igun, ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà wú. Nígbà tó yí i ká tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Ìlà náà dára. Ó mọ̀ pé ó dára, kò sì sí ẹnì kan láyé tó lè sọ ọ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ, Túndùn fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìlà ti gbẹ, òórùn tíńnà sì ti gba gbogbo ibẹ̀ kan débi pé kò sí imú tó lè gbọ́ òórùn mìíràn. Àwọn pénítà pé jọ. Silas ló mú ọwọ́ arúgbó náà, tó gbé e lé ara ọmọ kóòṣì.

Ìka Àúdù bẹ̀rẹ̀ láti fèrèsé kìíní. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dé igun, ó dúró, ó rọra yí ìka lórí ìwúlé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Alihamudulilahi," ó ní. "Òun náà nìyí. Silas, o ṣeun, o mú ìlérí rẹ ṣẹ." Ó kọjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn. "Ẹ wá fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin ọmọ ayé afẹ́fẹ́. Ohun tí à ń pè ní ìlà nìyí. Silas tí ẹ rí yìí, ọdún mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ mi, kò lè fa irú rẹ̀. Mi ò bú u o. Ọlọ́run kò fún un lọ́wọ́ náà ni."

"Haba, Bàbá," ni Sunday wí, "ẹ ṣàánú rẹ̀." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Bí Silas bá dákẹ́ ni, arúgbó náà ìbá padà sílé tayọ̀tayọ̀, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń wí pé ẹ̀rí ọkàn ló mú un sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìgbéraga ni, àti ohun tó ti ń pa á bí ebi fún ọdún márùn-ún.

"Èmi ni mo fà á, Bàbá."

Àúdù kọjú sí i.

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo fa ìlà yẹn. Tíńnà ti jẹ tiyín. Ó bá pépà jáde."

"Irọ́ ni," ni Àúdù wí. "Ṣé o fẹ́ gba èyí náà lọ́wọ́ mi ni?"

"Ní igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, ìwúlé náà tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ọwọ́ mi gbọ̀n níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Àúdù kò jẹ́ kí Túndùn di òun mú. Ó ń táràrà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì títí ó fi kan igun náà. Ó fi èékánná ha á díẹ̀, ó gbé e sí imú, ó gbé e sí ahọ́n: ọ̀dà tuntun ni. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Tèmi dà?"

"Ó lẹ̀ mọ́ pépà."

"Pépà ọ̀hún dà?"

"Mo sun ún, Bàbá."

Omi ń bọ́ lójú tí kò ríran náà, kò sì nù ún. Silas ń retí kó bú òun, ì báà tilẹ̀ jẹ́ kó fi ọ̀pá na òun. Ìyẹn ìbá sàn.

"Ó dára," ni Àúdù wí. "Mo ti búra, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi kò mọ tìrẹ yàtọ̀ sí tèmi. Mo dá ọ sílẹ̀, Silas."

Silas ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku ọ̀dà kó tó mọ̀. Ó na orí síwájú, ó ń dúró de ọwọ́. Kò sí ọwọ́ kankan. Ohun tó gbọ́ ni pé, "Túndùn, mú mi relé. Kí ọkùnrin yìí má sì wá kí mi lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́. Kò lọ́gàá ní Tudun Wada." Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pá rẹ̀ ń dún lọ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì títí dé ẹnu ọ̀nà.

Nírọ̀lẹ́, òyìnbó wá wo ọmọ kóòṣì. Ó yìn ín, ó yin ìlà náà jù. Ó ní òun kò mọ̀ pé ìbọn kékeré yẹn lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Silas délé, Grace ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Ó rí eruku pupa lára ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ láti àyà dé ikùn, ó gbé atẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá Martha, ta lẹ dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ọ̀gá Àúdù."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n dá mi sílẹ̀."

Grace kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ké sí Edith tí ògiri kan ṣoṣo pààlà àwọn pẹ̀lú rẹ̀, pé kó wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ó ti ń ṣètò kí ẹni yẹn tó yọjú. Ó ní àgbò ni kí wọ́n rà, Bàbá Àúdù fúnra wọn ni kí wọ́n sì pa á, kí wọ́n lè jẹ nínú rẹ̀. Àwọn pénítà yóò wá, Sunday ẹlẹ́nu gígùn yẹn ni kó sì jókòó síwájú pátápátá.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún wa?" ó béèrè.

Silas ní òun gbàgbé láti bi í.