Ìfun Ọmọ Mi

Ilé ìdáná ilé ìwé wa ti gùn títí dé etí odò, kò sì yà mí lẹ́nu. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé níbẹ̀, mo mọ ibi tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan máa ń wà. Lọ́jọ́ náà, àwọn ìkòkò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ka ìwé wọn jẹ́ẹ́.

Ìbídùn, ọmọ mi obìnrin, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí a ti sin ín; ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó kú. Ó gbé bàsíà lé itan, ó kó ìfun rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń fi omi tútù ṣàn án bí ẹni tó ń fọ aṣọ ọmọ tuntun. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," ló wí. "Inú ṣì ń run mí."

Mo kí i pẹ̀lẹ́. Mo nawọ́ sí orí pẹpẹ láti mú egbògi ìrora fún un, nítorí ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn nígbà tó wà láyé. Láràárọ̀ ni mo máa ń kó hóró egbògi méjì lé e lọ́wọ́, màá ní kó fi omi gbé e mì, màá sì sáré lọ sẹ́nu iṣẹ́. Mò ń bọ́ irínwó ọmọ ẹlòmíràn. Èyí tí mo bí ń gbé ikùn òfìfo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, àfi ìgbà tó bá ra ìrẹsì aláta lójú ọ̀nà.

Ìfun inú bàsíà ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ dàbí ti àgbàlagbà tí kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú.

"Ìyá Ìbídùn," ó ní, "mi ò bínú. Ebi ló ń pa mí, ẹ fún mi lóògùn. Nígbà tí mo sì rí oúnjẹ, ata ni."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí pẹpẹ. Mo po ògì, mi ò jẹ́ kó gbóná jù. Mo bó ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Mo se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ láìfi ata sí i. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ilé ìdáná ti di ṣọ́ọ̀bù Ìbídùn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ń rán omi mọ́ omi. Ó ti dá ìfun rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó ti de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Ó ní kí n bu tèmi. Mo bu. Ó ń jẹ ṣíbí kan, ó ń sinmi.

Hóró egbògi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù, funfun, kéékèèké, bí yìnyín. Mo dìde kí n lọ gbé abọ́ síta láti fi gba díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa rọ̀," ni Ìbídùn wí. "Ẹ jókòó tì mí."

Mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí, pé àwọn ọmọ ò tíì jẹun.

"Àwọn ọmọ ti dàgbà, Màámi. Wọ́n ti lọ."

Mo wá jókòó. Mo ri aṣọ bọ omi gbígbóná, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo tẹ́ ẹ sí ikùn rẹ̀. Mo fi òrí ra ikùn náà, mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i po díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tèmi ṣe máa ń ṣe fún mi. Ikùn náà rọ̀. Ìrora náà sì jáde, ó dúró láàárín ilé. Mo ti rò pé yóò tóbi ju ènìyàn lọ, àṣé kò ga ju adìẹ lọ. Ó wò wá, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò yára.

"Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?" ni mo bi í.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Bóyá ǹ bá kú náà ni. Àmọ́ ẹ̀ bá ti jókòó tì mí."

Ó kó abọ́ tirẹ̀ àti tèmi, ó wọ inú ògiri lọ bí ẹni tó wọ yàrá kejì. Mo gbọ́ tó ń fọ abọ́. Mo jáde, mo yí ilé ká lọ sẹ́yìn ògiri náà. Koríko ló wà níbẹ̀, ó ga dé orúnkún mi, kò sí ẹnikẹ́ni. Omi ń dún láàárín koríko. Abọ́ méjì ló ń fọ̀. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tó da ìkejì dojú dé.