Oorun Ọ̀sán

"Ìyàwó, rọra jókòó sórí àpò yẹn. Mo ti bá ọ dì í mú."

Adúrójẹun kò wẹ̀yìn bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan mú, ó na tòsì dé ibi tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń dúró sí, ó fa etí kejì, ó sì ti aṣọ náà sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọṣọ. Róólà gbígbóná méjì ń yí lé ara wọn. Aṣọ tútù ń gba iwájú wọlé, aṣọ gbígbẹ ń gba ẹ̀yìn jáde sọ́wọ́ àwọn obìnrin méjì tó ń ká a. Búrẹ́dì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adúrójẹun kan. Kò ráyè jẹ ẹ́, kò sì ráyè tu ú dànù.

Ẹ má rò pé orúkọ àbísọ nìyẹn o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìfọṣọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó sì ti wá gbaṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i kí ó jókòó jẹun rí. Òun náà a máa fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. A ní oúnjẹ ìdúró ló ń tètè dé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, ó mí kanlẹ̀. Oyún rẹ̀ ti yọ gan-an. Bàtà bàbá ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé kò sí ti ara rẹ̀ tó gbà á mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn aláboyún kò fi bò fún wọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó ní bí ọ̀sán bá ti pọ́n, kí ó jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ó jẹun sinmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ìyá, kí a má tilẹ̀ sọ ọmọ. Ọkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Adúrójẹun bí, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbúròó rẹ̀. Owó ilé ń bẹ lọ́rùn àwọn obìnrin méjèèjì.

Fèrè ọ̀sán dún, ó fẹ́ẹ̀ di èèyàn létí. Kò sẹ́ni tó gbórí sókè.

"Háà! Ta ni mo rí yìí?"

Kíákíá ni. Òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó wọn, ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ jù lọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Ó dúró síwájú ìyàwó, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ilé ọkọ lo wà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ tèmi náà ń dùn mí. Ṣé o rí mi kí n jókòó?"

Gbogbo wọn ló mọ àga onítìmùtìmù tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì mọ fáànù tó kọjú sí i.

"Ọ̀gá," ni Adúrójẹun wí, "ẹ̀rọ kò dúró. Mo ń ṣe tèmi, mo ń ṣe tirẹ̀. Kí ló tún kù?"

"Ohun tó kù ni pé bí ẹ bá lè ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, màmá, a jẹ́ pé ẹnì kan ti pọ̀ jù níbí."

Kí ó tó sọ ọ́ tán ni ìyàwó ti dìde.

Kì í ṣe pé wọn kò sinmi rí níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kí Adúrójẹun tó débẹ̀, bí fèrè ọ̀sán bá ti dún, wọn a pa ẹ̀rọ, wọn a jáde lọ jókòó sẹ́bàá ògiri, wọn a jẹun, wọn a na ẹsẹ̀, àwọn tí ẹnu ń yún a sì máa sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá ti tutù kì í tètè gbóná padà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn àti hótẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ gbọ́ pé aṣọ wọn kò tíì gbẹ. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ilẹ̀ a ṣú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Ni àwọn obìnrin náà bá dá ọgbọ́n kan. Bí ebi bá ń pa ẹnì kan, tàbí tó rẹ̀ ẹ́, yóò wí fún èkejì rẹ̀ pé, "Yá mi lọ́wọ́," èkejì yóò sì fi ọwọ́ méjì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rin títí ẹni náà yóò fi padà dé. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àfi bí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ṣe gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó rí i pé àwọn kan ti lọ jẹun, ẹ̀rọ sì ń yí. Ó dúró wò wọ́n dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tilẹ̀ yìn wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án mọ́. Nígbà tó yá, Kíákíá sọ yíyá-lọ́wọ́ gan-an di ẹ̀ṣẹ̀, ó ní ẹni tó bá jókòó ń jí àkókò ilé-iṣẹ́. Igún ṣe oore, ó pá lórí. Àkàlàmàgbò ṣe oore, ó yọ gẹ̀gẹ̀.

Yàrá ìjẹun wà o. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kùn ún, wọ́n to tábìlì àti àga sí i, ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn àga náà láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn. Àpò Kíákíá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé.

Ọjọ́ tí wọ́n rí i tí Kíákíá ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára àwọn àga, wọ́n ti mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Òun náà kò sì fi pa mọ́. Ó ní obìnrin kan tó jẹ́ olùbẹ̀wò ìjọba yóò dé lọ́la láti wá wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń jẹun tí wọ́n sì ń sinmi. Ó ní tí fèrè bá dún, kí gbogbo wọn wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì jẹ ohun tí wọ́n bá rí níwájú wọn.

"Bí ó bá bi yín, ẹ ó sọ pé ojoojúmọ́ ni. Ẹni tí ẹnu bá ń yún, kí ó rántí pé àwọn tó ń wáṣẹ́ kún ẹnu géètì."

Nírọ̀lẹ́, àwọn obìnrin náà pàdé nídìí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀.

"Ṣé a ó purọ́ fún un ni?" ni èyí tí wọ́n ń pè ní Dúdú wí. Òun ló ń ká aṣọ lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ta ni yóò sọ òótọ́? Ìwọ?"

"Èmi kẹ̀? Wọn á lé mi kí n tó pa ẹnu dé."

Ojú gbogbo wọn sì yí sọ́dọ̀ Adúrójẹun.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi tí ikú ọkọ mi kò tíì ṣe? Mo máa ní kí obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó ṣáà wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Wọ́n fi àdéhùn sí i pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáájú rẹ̀ lanu. Bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Ó dùn mọ́ wọn nínú. Ó ti pẹ́ tí ohun kan dùn mọ́ wọn nínú bẹ́ẹ̀.

Adúrójẹun kò fojú ba oorun mọ́jú. Ó ń fi omi gbígbóná ra ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sì ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu, ó ń tú u, ó ń tún un tò. "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí." Bóyá kí òun kọ́kọ́ kúnlẹ̀? Rárá o, bí òun bá kúnlẹ̀, yóò dà bí ẹni ń ṣagbe.

Lọ́jọ́ kejì, fèrè dún, wọ́n sì pa ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà láàrin wọn tí kò gbọ́ kí ẹ̀rọ náà dákẹ́ lọ́sàn-án rí. Ṣe ni wọ́n ń wo ara wọn. Yàrá ìjẹun tutù. Fáànù ń yí lókè. Ìrẹsì gbígbóná pẹ̀lú ẹran wà nínú abọ́ níwájú àga kọ̀ọ̀kan, èéfín ń rú lára rẹ̀. Ìyàwó jókòó, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé àga mìíràn, bí nọ́ọ̀sì ṣe wí gẹ́lẹ́.

"Ẹ wò ó!" ni Dúdú kígbe. "Adúrójẹun ti di Ajókòójẹun!"

Ẹ̀rín sọ. Adúrójẹun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ó jẹun. Kò mọ ìgbà tó ti jẹ oúnjẹ gbígbóná lọ́sàn-án kẹ́yìn, tó fẹ̀yìn ti nǹkan, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì di nǹkan kan mú. Oúnjẹ náà wọ̀ ọ́ lára dé ìka ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ohùn obìnrin àjèjì kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń bá Kíákíá sọ̀rọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní kí òun fi orí lé apá díẹ̀, kí òun tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo..."

Nígbà tó lajú, yàrá ti ṣófo. Kíákíá ń fi ọ̀rá bo àga.

"Màmá, ẹ ti sùn tó. Ẹ̀rọ ti gbóná."

"Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Obìnrin wo? Ó ti lọ. Ó kí yín o." Ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì fi ẹ̀rín náà pa mọ́.

Adúrójẹun sáré jáde. Àwọn obìnrin náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí èyí tó wo ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, lábẹ́ ariwo róólà.

"Ó dé ọ̀dọ̀ wa, Màmá. Ó rí yín. Ó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ pé kí a má pariwo. Ó ní òun ti dé ibi tí wọ́n ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́, pé ẹni tí wọ́n bá ń fìyà jẹ kì í sùn bẹ́ẹ̀. Ó fi fóònù ya yín ní fọ́tò."

"Ẹ ò sì wí nǹkan kan?"

"Mo ní, 'Mà, màmá wa fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.' Ó ní kí n má jí yín, pé àgbàlagbà nílò ìsinmi. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ti ń dúró dè é láti mú un lọ jẹun."

Adúrójẹun ti aṣọ mìíràn sẹ́nu ẹ̀rọ.

"Kí ló dé tí o kò gbá mi lẹ́yìn? Kí o kàn gbá mi lẹ́yìn!"

Ìyàwó ń sunkún. "Mo na ọwọ́, Màmá. Ọwọ́ ọ̀hún kò gbà. Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, mi ò rí yín kí ẹ sùn bẹ́ẹ̀ rí."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà yìí o. Oorun ló sùn. Ọ̀rọ̀ náà ń yí lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí ó bá sì rántí bí oorun náà ṣe dùn tó, ara rẹ̀ a rí i lára.

Àyẹ̀wò parí, ìnira ilé-iṣẹ́ wá pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ráhùn, Kíákíá a ní ìjọba alára ti sọ pé wọ́n ń gbádùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fèrè dún, ìyàwó di etí aṣọ mú, ó ní, "Màmá, ojú mi ń ṣú." Kí Adúrójẹun tó yíjú, ó ti wà nílẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí aṣọ jó o!" ni Kíákíá ń ké.

Wọ́n gbé e dé géètì, wọ́n rí ọkọ̀. Dúdú ti Adúrójẹun wọnú ọkọ̀ náà. "Ẹ máa lọ. A ó yá yín lọ́wọ́." Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ padà sídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń sáré láti iwájú dé ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn dé iwájú títí ilẹ̀ fi ṣú, kí wọ́n má baà rí nǹkan sọ sí Adúrójẹun. Ẹ̀rọ kò dúró.

Ọmọ náà kò ké. Ọkùnrin ni.

Nígbà tí ìyàwó rọ́jú rìn, ó wá sí ilé ìfọṣọ láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, omi ọmú ṣì ń sun sára aṣọ rẹ̀. Adúrójẹun rí i lẹ́nu ọ̀nà bí ó ti ń kí Kíákíá, tó tẹ orúnkún méjèèjì.

"Iṣẹ́ wo?" ni Kíákíá wí. "Wo ibẹ̀ yẹn. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ṣé o rí i kí ẹ̀rọ dúró?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ara mi ti yá."

"Kò burú. Ṣebí ìwọ lo ń wá ìsinmi? Lọ sinmi."

Adúrójẹun fẹ́ ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n róólà ti gba etí kan. Bí ó bá jù ú sílẹ̀, yóò wé mọ́ ọn, yóò sì jó, òun náà yóò sì di ẹni àná níbẹ̀. Ó sáré fa etí kejì, ó dì í mú títí aṣọ náà fi wọlé tán. Nígbà tó gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Ó na ọwọ́, ó mú òmíràn.