Fìlà Tí A Gé Lára Ìbọ̀sẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fọwọ́ kàn, kì í ṣe inú rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá gbóná, ooru ń jáde nìyẹn, inú yóò sì tutù. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí Kìtán ti mọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá Ijapo, ní Àkúrẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Fíríìjì àlòkù kan ló tú palẹ̀, tó tún un tò, tó tún un tú, títí ó fi yé e. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì ní ọsibítù, kò pẹ́ tó fi mọ ohun tí àpótí náà ń ṣe. Fíríìjì ń lé ooru jáde; àpótí yìí ń sé ooru mọ́lé. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì fi jọra: bí iná bá lọ, àpótí lásán ni wọ́n.

Oyún oṣù méje ló wà nínú Moríyọ̀, ìyàwó rẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí wọ́n sáré ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ kan tó jẹ́ Ọjọ́rú. Ọmọkùnrin náà kéré débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn ju àtàǹpàkò Kìtán lọ. Kò sí fìlà tó bá orí rẹ̀ mu. Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́ ló gba ìbọ̀sẹ̀ Moríyọ̀, tó gé méjèèjì, tó so ẹnu ibi tó gé, wọ́n sì di fìlà méjì: bí ọ̀kan bá wà lórí ọmọ, èkejì á wà níbi tí wọ́n sá a sí.

"Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó," ni dókítà wí. Kìtán mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà tí fíríìjì rẹ̀ bá ti fẹ́ kú.

Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà nílẹ̀. Ìyá Kìtán wà ní Oǹdó, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá òun náà fínra. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ, Kìtán sọ fún un lórí fóònù pé ọmọ rí rọ́bọ́tọ́, pé ọgbẹ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Nígbà tí ìyá ní, "Ṣé oṣù ti pé ni?" ó ní àwọn ló ṣi oṣù kà.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá tún pè.

"Kìtán, ọkọ mi kékeré ńkọ́? Ṣé ó ń mu ọmú?"

"Ó ń fà á bí ẹ̀rọ tó ń fa omi, Mààmi."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ó jọ bàbá rẹ̀, alájẹjù. Gbọ́, ọ̀túnla ni Ìkórè wa. Bí ẹ kò bá tíì lè gbé e wá, mú fìlà rẹ̀ wá fún mi. Èmi yóò gbé e jó dé iwájú pẹpẹ. Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ!"

Nínú ìjọ wọn, bí a bá ń dúpẹ́ Ìkórè, ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń pe ènìyàn jáde. Ọmọ Ọjọ́ Àìkú ló ń ṣíwájú, ọmọ Ajé ń tẹ̀ lé e, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣu àti ewúrẹ́ tirẹ̀, wọn a sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Kìtán ni ìyá àwọn ọmọ Ọjọ́rú. Pé wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀, adé ló kà á sí.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, iná lọ. Kìtán dẹtí sí jẹnẹrétọ̀ ọsibítù. Ó gbọ́ tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tó dákẹ́. "Omi ló wọ inú epo rẹ̀," ló wí, ó sì ti fẹ́ sáré jáde kí Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́ tó di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ n lọ wo jẹnẹrétọ̀—"

"Jẹnẹrétọ̀ ní ẹni tó ń wò ó. Ibà ṣì wà lára ìyá ọmọ, ẹ̀yin ni mo rí. Ẹ bọ́ṣọ! Àbí ikùn yín ni ẹ ò fẹ́ kí n rí? Mo ti rí èyí tó tóbi jù ú lọ."

Ó gbé ọmọ lé Kìtán láyà, awọ kan awọ, ó sì fi ìró gbá àwọn méjèèjì pọ̀. Kìtán jókòó, kò mira. Díẹ̀díẹ̀ ló rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ tó tutù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́wọ́. Kò sí wáyà, kò sí ohun tó lè jó. Ìyanu iṣẹ́ náà fẹ́ mú un gbàgbé ẹ̀rù. Lójijì, àyà kékeré náà dúró.

Nọ́ọ̀sì fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Ó ta á lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ mí.

"Ó máa ń gbàgbé láti mí," ló wí jẹ́jẹ́. "Àwa la máa ń rán an létí."

Nígbà tí iná dé, Kìtán dúró ti bẹ́ẹ̀dì Moríyọ̀. "Mi ò lọ sí Oǹdó mọ́. Ẹni tó wà láàárín odò kì í yọ̀ pé òun ti gúnlẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ yọ̀? Ṣé ó gbàgbé láti mí?"

"Ó gbàgbé."

"Ṣé ó sì tún rántí?"

Kìtán mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Nítorí èyí tó rántí, ẹ mú fìlà lọ. Kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún Màmá. Irọ́ yẹn ti ń wúwo lọ́rùn èmi náà."

Nígbà tó dé Oǹdó lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ Ìṣẹ́gun ló ń jó lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Ọjọ́rú ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ wà níwájú. Ó na ọwọ́, ó gba ọ̀rá tí fìlà wà nínú rẹ̀, ó tú u.

"Ta ló gé ìbọ̀sẹ̀ báyìí?" Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìka mẹ́ta ni ó gbà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kìtán. Báwo ni orí ọmọ náà ṣe tóbi tó?"

"Bí ọsàn, Mààmi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró.

"Ọjọ́ méjìlá," ni ìyá wí. "Ọjọ́ méjìlá tó yẹ kí n fi wà lórí eékún, ijó ni mò ń kọ́. O gba àdúrà mi lọ́wọ́ ọmọ náà."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni mò ń rò."

"Ṣé o rò pé ó lọ sílẹ̀ báyìí?"

Wọ́n kígbe láti inú wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ Ọjọ́rú, ó kàn yín o!"

"Mààmi, ẹ má wọlé mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ọ̀dọ̀ ta ni kí n sá kúrò?"

Ó wọlé. Kò jó. Ó gbé fìlà náà lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyin, ó ń rìn. Àwọn tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀ rí i, ijó wọn rọlẹ̀. Kìtán tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí tó ń tún èrò tò dá a dúró: "Ọmọ Àbámẹ́ta, ìwọ ọlọ́yàyà yìí! Ṣé iṣu àwọn Ọjọ́rú lo fẹ́ jí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ mi ni mò ń bá rìn."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó yà fún un.

Ìyá kúnlẹ̀. Kìtán kúnlẹ̀ tì í, ó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. "Olúwa, mi ò mọ̀ bóyá yóò dọ̀la. Ìwọ mọ̀. Ó mí lánàá, ó mí láàárọ̀ yìí. Mo dúpẹ́ èyí tó ti mí. Èyí tó kù, mò ń tọrọ rẹ̀."

"Àmín," ni Kìtán wí. Fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Moríyọ̀ ni.

"Iná tún ti lọ. Ibà mi ti rọlẹ̀, ó wà láyà mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbàgbé láàárọ̀ yìí. Ẹ tètè máa bọ̀."

Wọn kò dúró kí àwọn ọmọ Ọjọ́bọ̀ jáde. Nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, Kìtán rí i pé ìyá rẹ̀ ti ki fìlà bọ àyà.

"Mààmi, ẹ jẹ́ n bá yín fi sínú ọ̀rá."

"Fi í sílẹ̀. Kó má baà tutù kó tó dé orí rẹ̀."

Kìtán di fóònù rẹ̀ mú lórí itan. Ọkọ̀ ń sáré, fóònù kò dún. Ó dúpẹ́ pé kò dún. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún dúpẹ́.